Ọkọ̀ Tí Wọn Ò Jẹ́ Ká Fà Gòkè

Ọjọ́ keje, oṣù kẹwàá

Ambo, ọkọ mi, lọ láàárọ̀ yìí. Lẹ́yìn tí ọkọ̀ ìpẹja ńlá wọn ti ṣí, mo yà sí ṣọ́ọ̀bù, mo ra ìwé yìí, torí mi ò fẹ́ tètè délé. Peso mẹ́jọ. Obìnrin tó tà á bi mí pé ta ló ń lọ iléèwé nílé wa. Mo ní àbúrò mi ni. Èmi tí mo ti kúrò níléèwé láti ìwé kẹfà, kí ni kí n sọ pé mo fẹ́ fi ìwé ṣe?

Mi ò rí ẹni bá sọ̀rọ̀ ni. Nanay Osang, ìyá ọkọ mi, kì í sọ̀rọ̀. Tí mo bá ní ṣé kí n gbé ìrẹsì kaná, á mi orí. Tí mo bá ní òjò ń bọ̀, á wo òkè.

Oṣù karùn-ún la ṣègbéyàwó, oṣù kẹjọ ni wọ́n gba ọkọ̀ wa. Ká ní ọkọ̀ wà ni, Ambo kì bá tí lọ ṣe alágbàṣe nínú ọkọ̀ olówó tí wọ́n ti ń jẹ tí wọ́n ti ń sùn lójú òkun. Ó ní tí òṣùpá bá ti di àrànmọ́jú, àwọn kì í pẹja, torí ẹja kì í wá síbi iná àwọn mọ́. Ó ní tí àwọn bá sún mọ́ ilẹ̀ nígbà náà, òun á sáré wá wò mí. Òṣùpá tó kún ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dín kù ni, èmi ti ń wo ọ̀nà èyí tó ń bọ̀.

Ọjọ́ kẹsàn-án

Òjò. Mo sùn sí apá ibi tí Ambo máa ń sùn. Ó tutù bákan náà.

Ọjọ́ kẹtàlá

Mo gbé ẹja gbígbẹ Nanay lọ tà ní ìlú. Wọn ò rà á dáadáa. Mo wá yà sí èbúté àwọn ọlọ́pàá ojú omi láti wo ọkọ̀ wa.

Wọ́n so ó mọ́ òpó símẹ́ńtì. Orúkọ mi ṣì wà níwájú rẹ̀, LUDIVINA, ní àwọ̀ pupa tí Ambo fọwọ́ ara rẹ̀ kùn lọ́sẹ̀ ìgbéyàwó wa. Wọ́n lẹ bébà tó ní òǹtẹ̀ ìjọba mọ́ ọn, wọ́n sì fi ọ̀já yẹ́lò yí i ká bí ìgbà tí wọ́n di òkú. Oparun tó jẹ́ apá rẹ̀ lọ́tùn-ún lósì, tí kì í jẹ́ kó dojú dé, ṣì pé. Ẹ́ńjìnnì ṣì wà lábẹ́ tapólì. Àmọ́ omi òjò ti dúró sínú rẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ láti gbọ́n ọn, ọlọ́pàá kan sì pariwo lókè:

"Ìyàwó! Ẹ má fọwọ́ kàn án o! Ti ìjọba ni!"

Mo fa ọwọ́ mi padà bí olè. Orúkọ mi ló wà lára rẹ̀, mi ò sì gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án.

Ẹnì kan ló ju ìgò oníbọ́ǹbù sínú omi níbi tí wọ́n ní kí a má pẹja. Ẹni náà sá. Ọkọ̀ Ambo ló sún mọ́ ibẹ̀ jù, òun ni wọ́n gbà, wọ́n ní ẹ̀rí ni níwájú adájọ́. Ninong Teban ló sì gbà á. Òun ni sájẹ́ǹtì tó jẹ́ ọ̀gá èbúté yẹn, òun náà ló dúró bíi baba fún wa lọ́jọ́ ìgbéyàwó, tó fọwọ́ síwèé wa ní ṣọ́ọ̀ṣì. Gbogbo ayé ló ní a gbọ́n láti fi ọlọ́pàá ṣe Ninong. "Ẹ ti ní agboorùn," ni wọ́n wí.

Lọ́jọ́ tó gbà á, ó ní, "Ambo, tí mo bá fi ọmọ mi sílẹ̀ tí mo mú ọmọ ẹlòmíì, kí ni wọ́n á máa pè mí?" Ambo mú ọwọ́ Ninong, ó gbé e kan iwájú orí ara rẹ̀ bó ṣe yẹ kí ọmọ ṣe, ó wá fi okùn ọkọ̀ lé e lọ́wọ́. Kò béèrè ìwé tí wọ́n máa ń kọ ohun tí wọ́n gbà sí, àti bó ṣe rí nígbà tí wọ́n gbà á. Ta ló ń béèrè ìwé lọ́wọ́ Ninong rẹ̀? Ó dà bí ká máa ka ẹran inú ọbẹ̀ lójú ìyá ẹni.

Ọjọ́ kẹtàdínlógún

Mo pàdé Manong Itoy, ẹ̀gbọ́n gbogbo abúlé, níbi tí mo ti fẹ́ ra iyọ̀. Òun ló máa ń lé orin tí gbogbo abúlé bá ń fa ọkọ̀ gòkè, ohùn rẹ̀ sì ròkè bẹ́ẹ̀.

"Ludy! Ìwọ rèé? Mo ṣebí o wà látìmọ́lé."

"Ọkọ̀ ni, Manong."

"Ó dá ẹ lójú? Mo rí orúkọ rẹ lára ẹlẹ́wọ̀n ní èbúté o."

Gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀ rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Ìgbà tí mo délé ni mo rí i pé mi ò ra iyọ̀ mọ́.

Ọjọ́ ogún

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ìlú dé.

Rédíò sọ láàárọ̀ pé ìjì ńlá ń bọ̀ láti ìlà oòrùn. Òkun dákẹ́, ojú ọ̀run wá pọ́n bíi tábà. Lábúlé wa níbí, tí rédíò bá ti sọ bẹ́ẹ̀, kò sí ọ̀tá mọ́. Tọkùnrin tobìnrin á tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀, wọ́n á fà á títí dé abẹ́ igi àgbọn, wọ́n á tún padà wá fa òmíràn. Ẹni tó jí àwọ̀n Manong Itoy lọ́dún tó kọjá pàápàá, Manong Itoy ló ké orin tí wọ́n fi fa tirẹ̀.

Èmi náà fà. Nígbà tó ku díẹ̀ ká parí, Manong Itoy nu ojú, ó ní, "Tiyín ńkọ́? Ṣé ibẹ̀ ló máa wà? Lọ bá Ninong rẹ. Sọ pé kó fún wa láyè péré. A óò wá, a ò ní gba nǹkan kan. Kó kàn bu ẹmu àgbọn fún wa."

Mo wọ kẹ̀kẹ́ lọ sí ìlú. Oúnjẹ ọ̀sán ni Ninong ń jẹ. Ninang Choleng, ìyàwó rẹ̀, fi mí jókòó, ó fún mi ní kọfí. Mo di ife yẹn mú, mo ń sọ̀rọ̀ sínú rẹ̀.

"Sọ̀rọ̀ sókè, ọmọ mi," Ninang wí, "ìkòkò ń hó."

Mo ní, "Ninong, àwọn ará abúlé ní kí ẹ jọ̀ọ́ jẹ́ kí àwọn wá fa ọkọ̀ Ambo gòkè. Wọ́n á kàn fà á síbẹ̀ náà, nínú ọgbà yín."

Ó jẹun lọ díẹ̀. "Ẹ̀rí ni ọkọ̀ yẹn. Ọwọ́ ará ìta kò gbọdọ̀ kàn án títí adájọ́ á fi sọ̀rọ̀."

Mi ò mọ ibi tí mo ti rí ẹnu. Mo ní, "Tó bá rí bẹ́ẹ̀, Ninong, kí àwọn ọlọ́pàá yín fà á."

"Àwọn ọmọ mi kì í ṣe alágbàrù. Wọ́n ní iṣẹ́ tiwọn nínú ìjì. Má bẹ̀rù, okùn tí mo fi so ó, okùn ọkọ̀ ogun ni."

Ninang dojú kọ ọ́. "Teban, ọkọ̀ wo lẹ ti rí tó ń gbé ojú omi nínú irú afẹ́fẹ́ yìí?"

"Choleng, bu ọbẹ̀ sí i fún mi."

Ó bu ọbẹ̀ sí i. Mo dìde, mo gbé ọwọ́ Ninong kan iwájú orí, mo ní ẹ ṣé. Ẹ ṣé! Kí ni mo ń dúpẹ́ fún?

Ọjọ́ kejìlélógún

Iléèwé la sùn, gbogbo abúlé. Páànù ń fò bí ewé. Nanay Osang di ọwọ́ mi mú láti ìrọ̀lẹ́ títí ilẹ̀ fi mọ́.

Ọjọ́ kẹrìnlélógún

Orùlé ilé ìdáná wa lọ. Adìẹ méjì kú. Kò sí ọkọ̀ kan tó bàjẹ́ lábẹ́ igi àgbọn, kò sí ẹyọ kan.

Mo fẹsẹ̀ rìn lọ sí èbúté, torí igi ti wó dí ọ̀nà.

Mi ò mọ bí màá ṣe kọ ọ́. Apá ọ̀tún ti lọ. Apá òsì ń fì bíi ti ẹni tí eegun rẹ̀ dá. Gbogbo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan ló ti fọ́ mọ́ símẹ́ńtì, ẹ́ńjìnnì wà nínú ẹrẹ̀. Níwájú, LUDI ló kù. Ìyókù orúkọ mi ti bá omi lọ.

Okùn tí Ninong sọ yẹn lágbára lóòótọ́. Kò já. Òun ló dì í mú síbẹ̀ tí ìgbì fi ń gbá a mọ́ òpó.

Ninong wá dúró tì mí. Bàtà rẹ̀ kún fún ẹrẹ̀, kò tíì sùn, ojú rẹ̀ pọ́n. Ó ní, "Afẹ́fẹ́ Ọlọ́run ni, ọmọ mi. Ta ló lè pe Ọlọ́run lẹ́jọ́?"

Mo fèsì, ṣùgbọ́n nínú mi ni. Mo ní afẹ́fẹ́ Ọlọ́run yìí kan náà ló kọjá lọ́dọ̀ wa. Lóde, orí ni mo mì, bíi Nanay Osang.

Ọjọ́ kejì, oṣù kọkànlá

Ọjọ́ àwọn òkú. A tan àbẹ́là sójú oórì bàbá Ambo, Nanay jókòó tì í, ó ń jẹ ìrẹsì dídì tiẹ̀ bíi pé àwọn méjèèjì jọ ń jẹun. Ìrẹsì ti gbówó lórí láti ìgbà ìjì, peso mẹ́rìndínlógún ni kílò kan.

Ninang Choleng gba ẹ̀yìn mi kọjá pẹ̀lú òdòdó lọ́wọ́. Kò dúró. Ó kàn sọ ọ́ jẹ́jẹ́ pé, "Mo gbọ́ ohun tí o bá a sọ lọ́jọ́ yẹn. Mo gbọ́ èsì rẹ̀. Má bi mí lójú ẹnikẹ́ni o, ọmọ mi, mo bẹ̀ ọ́."

Ọjọ́ kẹrin

Òṣùpá àrànmọ́jú. Mo gbá iwájú ilé. Mo fi òróró àgbọn pa irun. Mo jókòó.

Ọjọ́ karùn-ún

Kò wá. Ọkùnrin kan láti inú ọkọ̀ wọn ló gba ibí kọjá. Ó ní ìjì ti lé wọn jìnnà sí gúúsù, ara Ambo le. Ambo fi ṣẹ́ẹ̀tì kan rán an sí mi, àpò rẹ̀ ti ya. "Ó ní kí o bá òun rán an," ọkùnrin náà wí, ó sì ń rẹ́rìn-ín, torí òun náà mọ̀ pé nínú ọkọ̀ wọn, olúkúlùkù ló ń rán aṣọ ara rẹ̀.

Mo rán an. Mi ò fọ̀ ọ́. Òun ni mo wọ̀ báyìí.

Ọjọ́ kejìlá

Adájọ́ ti da ẹjọ́ náà nù! Kò sí ẹni tó rí ìgò kankan lọ́wọ́ Ambo. Ó ní kí wọ́n dá ọkọ̀ padà fún wa. Mo kọ́kọ́ fò sókè, kí n tó rántí irú ọkọ̀ tí wọ́n fẹ́ dá padà.

Atorni Baldoza ló sọ fún mi, agbẹjọ́rò tí ìjọba ń fún àwọn tí kò lówó. Obìnrin ni, ó máa ń gbé bàtà gíga sínú àpò, á wọ sílípáàsì. Ó ní kí n jókòó.

"Wọ́n á sọ pé ìjì ni," ó wí. "Ṣùgbọ́n ìjì kọ́ ló ní kí ẹ má fà á gòkè. Ẹni tó gba nǹkan olóhun, tó ní kí olóhun má fọwọ́ kàn án, ọwọ́ tirẹ̀ ló gbọ́dọ̀ fi tọ́jú rẹ̀. Bí kò bá tọ́jú rẹ̀, ọrùn rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà."

"Ọrùn ìjọba, Atorni?"

"Ìjọba kì í tètè gbà kí wọ́n pe òun lẹ́jọ́. A óò kọ̀wé sí wọn, àmọ́ ọ̀nà rẹ̀ jìn. Ọrùn ọ̀gá tí iṣẹ́ náà wà lọ́wọ́ rẹ̀ ló sún mọ́ wa jù. Ta ni?"

"Ninong wa ni."

Ó gbé bírò sílẹ̀. "Ọlọ́run mi! Ẹ̀yin ará erékùṣù yìí! Ta ló wà níbẹ̀ nígbà tí o kìlọ̀ fún un?"

"Ìyàwó rẹ̀."

"Ìwé tó fi hàn pé ọkọ̀ náà pé nígbà tí wọ́n gbà á ńkọ́?"

"A ò béèrè, Atorni. Ojú tì wá."

Ó wò mí títí. Kò bínú, ó dà bíi pé ó ti gbọ́ ọ rí lẹ́nu ẹlòmíì. Ó ní lọ́jọ́ tí wọ́n bá fẹ́ dá a padà, wọ́n á gbé ìwé kan fún mi, pé mo gba ọkọ̀ mi ní pípé àti ní ipò tó dára. "Má fọwọ́ sí i. Tí o bá fọwọ́ sí i, ọ̀rọ̀ ti parí, adájọ́ kankan ò ní gbọ́ ẹ mọ́. Àmọ́ tí o ò bá fọwọ́ sí i, wọ́n lè ní o ò ní gbé e, ìgbì á sì jẹ ìyókù. Èmi ò ní lè wà níbẹ̀. Mo ní ẹjọ́ ní erékùṣù kejì."

"Kí wá ni kí n ṣe?"

"Sọ̀rọ̀," ó wí. Ó rọrùn lẹ́nu ẹ̀.

Ọjọ́ karùndínlógún

Nanay Osang sọ̀rọ̀ lónìí. Ẹ̀fọ́ la ń já.

"Mo gbọ́ pé o fẹ́ pe Teban lẹ́jọ́. Ẹni tó fọwọ́ síwèé ìgbéyàwó rẹ. Tí o bá bímọ lọ́la, ta ló máa gbé e dé ibi ìsàmì? Ta ló máa jókòó pẹ̀lú wa mọ́?"

Mo ní, "Nanay, tí kò bá sí ọkọ̀, Ambo á máa lọ. Tí Ambo bá ń lọ, ibo ni màá ti rí ọmọ náà bí?"

Mo fọwọ́ bo ẹnu. Èmi! Nanay wò mí, ó wo ẹ̀fọ́, ó wá bú sẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Mi ò gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀ rí. Ìró ẹ̀rín Ambo gan-an ni.

Ọjọ́ kọkànlélógún

Afẹ́fẹ́ àríwá ti dé. Ó ń fẹ́ lójoojúmọ́. Mo ń rò ó pé ìgbì ń jẹ LUDI.

Ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n

Wọ́n ní kí a wá gbé e lónìí. Manong Itoy kó ọkùnrin tó tó gbé e wá. Lójú ọ̀nà, ó ní, "Ludy, gba nǹkan rẹ, ká máa lọ. Ẹnu lásán ni ìwé." Mi ò dá a lóhùn. Mo wọ ṣẹ́ẹ̀tì Ambo.

Tábìlì kan wà létí omi, Ninong jókòó sídìí ẹ̀, ìgbákejì rẹ̀ dúró pẹ̀lú òǹtẹ̀. Ọkọ̀ náà, tàbí ohun tó kù lára rẹ̀, wà lẹ́yìn wọn lórí iyanrìn. Ninong kò wò mí lójú. Ó ti bírò sí mi.

"Fọwọ́ síbí, ọmọ mi. Bí wọ́n ṣe ń tẹ̀ ẹ́ náà nìyẹn, fún gbogbo èèyàn. Kò ní nǹkan ṣe."

Mo mú bírò. Mo rí ọ̀rọ̀ náà dáadáa: ní pípé àti ní ipò tó dára. Mo mọ̀ pé tí mo bá ní mi ò fọwọ́ sí i, ẹkún ni màá sun, wọ́n á ní kí n padà wá lọ́jọ́ mìíràn. Mo wá gbé ìwé náà, mo yí i padà sí i.

"Ninong, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi kà á. Ìwé kẹfà ni mo ti kúrò níléèwé."

Ó wọ awò ojú. Ó kà á: "Èmi, Ludivina, lórúkọ ọkọ mi tí kò sí nílé, jẹ́rìí pé mo gba ọkọ̀ yìí lọ́wọ́ ìjọba ní…" Ìgbì wọlé, ó jáde. Pákó méjì ń lu ara wọn níbi ọkọ̀ náà, kọ́, kọ́, kọ́.

"Ẹ kà á sókè, Ninong," mo wí. "Afẹ́fẹ́ ń gbé e lọ."

"Ní pípé," ó wí, "àti ní ipò tó dára."

Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín. Manong Itoy pàápàá ṣí fìlà rẹ̀, ó ń wo ilẹ̀.

Mo ní, "Ninong, ẹ̀yin lẹ jókòó ní iwájú inú ọkọ̀ yìí lọ́jọ́ ìgbéyàwó wa. Ẹ bọ́ bàtà yín sọ́wọ́, ẹ ń kọrin. Ṣé bó ṣe rí nìyí?"

Ó wẹ̀yìn, ó wo ọkọ̀ náà.

"Ṣé Atorni ló kọ́ ẹ ní èyí?"

"Rárá, Ninong. Atorni ní kí n sọ̀rọ̀ ni. Mi ò mọ̀ ọ́n sọ."

Ó gba bírò lọ́wọ́ mi. Ó fagi lé ọ̀rọ̀ yẹn, ó kọ sókè rẹ̀, ó sì ń kà á bó ṣe ń kọ ọ́, sókè, bí mo ṣe ní kó ṣe: "Ó pé nígbà tí mo gbà á. Ó fọ́ nígbà tó wà lọ́wọ́ mi. Wọ́n ti kìlọ̀ fún mi kí ìjì tó dé."

Ìgbákejì rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí etí rẹ̀. "Sájẹ́ǹtì, èyí á kan owó oṣù yín o. Ó lè ju ìyẹn lọ."

"Ṣé mo bi ẹ́? Mú òǹtẹ̀ wá."

Ó fọwọ́ sí i. Ìfọwọ́sí kan náà tó wà nínú ìwé ìgbéyàwó wa, tí ìrù rẹ̀ gùn bí ìrù ọ̀bọ. Èmi náà wá fọwọ́ sí i. Mo fẹ́ gbé ọwọ́ rẹ̀ kan iwájú orí, ṣùgbọ́n ó ti dìde.

A gbé LUDI dé ilé lórí èjìká, bí wọ́n ṣe ń gbé ère ẹni mímọ́. Àwọn èèyàn jáde wá wò wá. Manong Itoy ń kígbe pé, "Ẹ yà fún un! Wọ́n ti dá Ludivina sílẹ̀!"

Ọjọ́ kẹta, oṣù kejìlá

Òṣùpá àrànmọ́jú. Kò wá. Kò rán ṣẹ́ẹ̀tì.

Mo lọ jókòó sínú ọkọ̀ náà níbi tó kù tí èèyàn lè jókòó. Òórùn òróró ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ṣì jọ òórùn ọwọ́ rẹ̀.

Ọjọ́ kẹwàá

Wọ́n ti gbé Ninong kúrò nípò ọ̀gá títí wọ́n á fi wádìí. Mo rí Ninang Choleng lọ́jà níbi ẹ̀gẹ́. Mo kí i. Ó wò mí, ó sanwó ẹ̀gẹ́, ó lọ. Obìnrin tó ń tà á ní, "Ìwọ ni Ludivina tó gbá Ninong rẹ̀ lójú?" Mo ní mi ò gbá ẹnikẹ́ni lójú. "Ohun tí wọ́n ń sọ kọ́ nìyẹn," ó wí, ó sì ta ẹ̀gẹ́ jíjẹrà fún mi.

Mo rò pé tí mo bá borí, inú mi á dùn. Kò sí ẹni tó sọ fún mi pé ibi tí èèyàn borí sí lè dá páropáro báyìí.

Ọjọ́ kẹrìnlá

Atorni ti kó ìwé wa wọlé, sọ́dọ̀ ìjọba, àti lórí Ninong pẹ̀lú. Ó ní ó lè pẹ́. Ó ní, "Àmọ́ pẹ̀lú ohun tó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ yìí, wọn ò ní lè sọ pé afẹ́fẹ́ ni." Ó ní òun ò rí irú rẹ̀ rí. Mo bi í bóyá wọ́n á lé Ninong kúrò níṣẹ́ pátápátá. Kò mọ̀. Mi ò lè jẹun nígbà tí mo délé.

Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n

Kérésìmesì, ọjọ́ tí gbogbo ọmọ ń lọ kí Ninong àti Ninang wọn. Láti àárọ̀ ni mo ti ń rò ó. Nanay Osang ló di ìrẹsì aládùn sínú ewé, ó gbé e sórí tábìlì níwájú mi, ó wá lọ dùbúlẹ̀. Mo mọ ohun tó wí.

Mo kan ilẹ̀kùn wọn. Ninang ló ṣílẹ̀kùn. A wo ara wa.

"Ẹ kú ọdún, Ninang."

"Wọlé," ó wí. "Ìkòkò ń hó."

Ninong wọ síńgílẹ́ẹ̀tì, ó ń tún rédíò ṣe. Láìsí aṣọ iṣẹ́ lọ́rùn rẹ̀, ó kéré. Mo tẹ̀ ba, mo mú ọwọ́ rẹ̀. Ọkàn mi ń sọ pé yóò gbà á padà. Kò gbà á. Ó fi í kan iwájú orí mi, ó wá fi í sílẹ̀ níbẹ̀ díẹ̀.

"Ṣé Atorni ti kó ìwé wọlé?"

"Ó ti kó o, Ninong."

"Ó dáa." Ó yí rédíò. "Ambo ńkọ́?"

"Kò tíì dé."

Rédíò wá sọ̀rọ̀ láàárín ariwo: afẹ́fẹ́ líle, ìlà oòrùn, kí àwọn ọkọ̀ kékeré má jáde. Ó gbọ́ ọ títí dé òpin. Ó wá bi mí, kò wò mí:

"Ọkọ̀ yẹn. Ṣé ẹ fà á gòkè dáadáa?"

"Ó wà lókè ibi tí omi máa ń dé."

"Nínú ìjì, ibẹ̀ ò tó."

Mo ní, "Ẹ wá wò ó, Ninong." Mo tún fẹ́ fọwọ́ bo ẹnu, ṣùgbọ́n ìrẹsì wà lọ́wọ́ mi.

Ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n

Afẹ́fẹ́ ti bẹ̀rẹ̀. A ti fa ọkọ̀ àwọn yòókù tán, LUDI ló kù. Mo rí kẹ̀kẹ́ kan tó dúró lójú ọ̀nà, Ninong sọ̀ kalẹ̀. Ó bọ́ bàtà rẹ̀ sọ́wọ́, ó ń gba orí iyanrìn bọ̀.

"Sájẹ́ǹtì!" Manong Itoy ké. "Ṣé ìjọba ti fún wa láyè?"

"Itoy, orin ni mo gbọ́ pé o mọ̀. Kọ ọ́."

Ó gbé bàtà rẹ̀ sínú ọkọ̀ náà. Ó wá dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi níwájú, ó fi ọwọ́ méjèèjì di pákó náà mú, ọwọ́ kan sórí orúkọ mi tó ṣẹ́kù. Itoy lé orin. A fà á. Ó wúwo, ó ti mu omi. A dé ìdí igi àgbọn àkọ́kọ́, gbogbo wa fẹ́ jókòó.

Ninong ń mí gúlegúle. Ó wo òkun, ó wo igi, kò yọ ọwọ́ rẹ̀ kúrò.

"Kò tíì tó," ó wí. "Ẹ jẹ́ ká tún fà á."

A tún fà á.